Bí mo ṣe ta tíkẹ́ẹ̀tì eré wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré wa fẹ́ gbé eré jáde ní Ìbàdàn, èmi ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì lé lọ́wọ́. Bébà la máa ń lò tẹ́lẹ̀: a ó kó díẹ̀ sí Bódìjà, a ó kó díẹ̀ sí Dùgbẹ̀. Ti Dùgbẹ̀ á ti tán, wọ́n á máa dá èèyàn padà, bẹ́ẹ̀ ti Bódìjà ṣì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ.

Àìsàn tí kọ̀ǹpútà wá wò nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, Ticketron, ilé iṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ta tíkẹ́ẹ̀tì, ti bẹ̀rẹ̀ láwọn ọdún 1960. Lọ́dún 1976 ni wọ́n dá Ticketmaster sílẹ̀ ní Arizona. Àkọsílẹ̀ kan náà ni gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tà á ń wò: tí wọ́n bá ti ta àga kan níhìn-ín, kò sí lórí àtẹ mọ́ lọ́hùn-ún.

Kí n tó ṣí ojú ewé wa, mo lọ ka àga gbọ̀ngàn náà fúnra mi. Ẹsẹ̀ àwọn kan ti kán, òpó sì dí ojú àwọn mìíràn. Mo yọ gbogbo wọn kúrò. Mo wá ya owó àga iwájú sọ́tọ̀ sí ti àga ẹ̀yìn, mo sì fi àkáǹtì báǹkì ẹgbẹ́ sí i. Mi ò pa àwọn tó ń san owó ọwọ́ tì o! Ìyá tó ń bá wa tà á ní Dùgbẹ̀ ń gba owó wọn, ó sì ń tẹ orúkọ wọn sínú fóònù lójú ẹsẹ̀, kí iye àga má baà dàrú.

Ẹnu géètì ni kí ẹ fọkàn sí jù. Nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a ti gbé orúkọ gbogbo àwọn tó rà á sórí fóònù méjì ṣáájú. Ṣùgbọ́n tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, fóònù kìíní ò ní mọ ẹni tí ìkejì ti gbà wọlé, ẹni méjì sì lè fi QR code (àmì orí tíkẹ́ẹ̀tì tí fóònù wa ń kà) kan ṣoṣo wọlé. Mo bá pín ẹnu ọ̀nà: fóònù kan fún àwọn tó san owó àga iwájú nìkan, èkejì fún ti ẹ̀yìn.

Ó sì ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan na fóònù rẹ̀ sí wa, tiwa pọ́n wẹ̀ẹ̀: wọ́n ti lo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ pín àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì náà ti jókòó sínú. Àga ṣì kù lẹ́yìn, ó ra tirẹ̀ lórí ìdúró, ó wọlé.