Ẹ̀lúlùú kò sí nínú fóònù mi

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé ni mo jáde nílé, mo gba ẹ̀yìn Òkè Olósùnta lọ, ní Ìkéré. Ẹyẹ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà hàn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9 níbùú àti lóròó. Ẹni tó bá mú ọ̀kan yóò fi wákàtí 2, ó kéré tán, wá ẹyẹ ibẹ̀, kó máa kọ wọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ tẹ̀léra, títí kan lékeléke tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Áàpù BirdLasser ni mo fi ń kọ ọ́. Kò dúró de nẹ́tíwọ̀kì. Ilé ni mo ti fi ránṣẹ́.

Ẹ̀ga, àdàbà, àwòdì: wọn ò pẹ́ yọ. Ìgbà náà ni ohùn kan dún nínú oko ẹ̀gẹ́, bí omi tó ń tú lẹ́nu akèǹgbè, tó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wá a títí, n ò rí i.

Bàbá kan ń kọ ebè nítòsí. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹyẹ wo ló ń ké yìí, sà?”

“Ẹ̀lúlùú ni, ọmọ mi. Òjò ń bọ̀ nìyẹn. Wo abẹ́ ewé yẹn.”

Òun náà ni: orí dúdú, àyà funfun, apá pupa bí irin tó dípẹtà, ojú pọ́n. Mo tẹ “ẹ̀lúlùú”, fóònù ò mọ̀ ọ́n. Senegal Coucal, orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an. Ní Ìlú Ọba, láti 1979 ni RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, ti ń ní kí àwọn èèyàn fi wákàtí 1 ka ẹyẹ àgbàlá wọn lóṣù January. Lọ́dún 2024, àwọn tó kà á lé ní 600,000. Ìyá àgbà ibẹ̀ jókòó lójú fèrèsé, ó kọ “robin”, orúkọ tó ti mọ̀ láti kékeré. Bàbá yìí mọ ẹyẹ jù mí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò síbi tí yóò kọ tirẹ̀ sí. Tí àwòrán ilẹ̀ bá wá ṣófo lọ́dọ̀ wa, wọn a ní ẹyẹ ò sí níbẹ̀.

Bàbá fi igi àràbà kan hàn mí níbi tí igún máa ń sùn sí tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò rí wọn mọ́. Ohun tí mo bá fojú ara mi rí tàbí tí mo gbọ́ nìkan ni mo lè fi sínú áàpù, nítorí náà inú ìwé kékeré mi ni mo kọ ti igún sí, pẹ̀lú agbe, àlùkò àti olongo tó dárúkọ.

Sátidé tó ń bọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Ó ní kí n tètè dé, pé ẹyẹ kì í dúró de ẹni tó sùn.