Bátìrì ni kí ẹ wò lára kẹ̀kẹ́ oníná, kì í ṣe kìlómítà orí páálí
Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníná tí ẹ ó máa gùn lọ síbi iṣẹ́, V tí wọ́n kọ sára bátìrì, ẹ fi Ah tó wà níbẹ̀ ṣe ìlọ́po rẹ̀, ẹ ó rí Wh, ìyẹn bí iná tí bátìrì náà lè gbà ṣe pọ̀ tó: 48V ní 15Ah jẹ́ 720Wh, 36V ní 10Ah kò ju 360Wh lọ. Ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n sábà fi ń ka kìlómítà orí páálí, òkè sì pọ̀ l'Ábẹ́òkúta. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbi pẹ́dà ló ń gun òkè jù, torí ó ń lo jíà. Ẹ́ńjìnnì tinú táyà ẹ̀yìn máa ń gbóná tó bá ń rọra wọ́ gòkè. Àmọ́ ti ibi pẹ́dà yẹn máa ń tètè jẹ ṣéènì o.