Bí A Ṣe Ń Fi Kọ̀ńténà Ṣe Ìsọ̀ Tí A Ó Máa Fi Gbowó Ní Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ńténà, kó sọ ọ́ di ìsọ̀, kó sì máa gbowó lórí rẹ̀ ní Ìbàdàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ. Yóò kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á, yóò sanwó, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa wá ibi tí yóò gbé e sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ilẹ̀ tí ẹ ó gbé e lé, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí ẹ bá ní lórí ilẹ̀ náà, ló máa sọ bóyá ẹ ó jèrè tàbí ẹ ó pàdánù. Irin ni kọ̀ńténà: bó bá dípẹtà, ẹ lè tún un ṣe, bó bá sì sú yín, ẹ lè tà á. Àdéhùn ilẹ̀ tó bá ti dàrú kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fi ilé tó ṣeé gbé kiri ṣòwò ní Amẹ́ríkà ti mọ èyí tipẹ́. Ilé ni wọ́n ń rà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló wà lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, tí ẹni tó nilé sì ń san owó ilẹ̀ lóṣooṣù. Bí onílẹ̀ bá fowó kún un, agbára káká ni wọ́n fi ń gbé ilé náà kúrò, nítorí pé owó gbígbé rẹ̀ wọ́n, ibòmíràn kì í sì í fẹ́ gba èyí tó ti gbó, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe kí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1976.

Ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ló jẹ́ ilẹ̀ ẹbí. Ẹ lè bá bàbá àgbàlagbà kan pàdé tí yóò wí pé, “Ọmọ mi, gbé e síbẹ̀ jàre, ta ni yóò bi ọ́?” Tinútinú ni bàbá fi sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní sí wàhálà níwọ̀n ìgbà tí bàbá bá wà láyé. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá fẹ́ pín ogún ni ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Kí ẹ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ ṣé, bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pe Mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí, kí gbogbo wa lè jọ fọwọ́ sí i.” Bí òfin ilẹ̀ ẹbí ṣe rí ni pé olórí ẹbí, tí wọ́n ń pè ní Mọ́gàjí ní Ìbàdàn, àti àwọn àgbà tó ṣe kókó nínú ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, èyí tí ọmọ ẹbí kan ṣoṣo bá dá fọwọ́ sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ra ilẹ̀ náà, ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ lọ́yà.

Ẹ kọ iye ọdún tí ẹ ó lò sínú àdéhùn náà, ẹ kọ iye owó ilẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n lè fi kún un, ẹ kọ ọ́ pé ẹ láṣẹ láti fi ìsọ̀ náà gba ayálégbé, kí ẹ sì kọ iye oṣù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín kí ẹ tó kó kúrò. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: òfin gbà pé ohun tí a bá kàn mọ́lẹ̀ di ara ilẹ̀. Nítorí náà, orí búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ gbé kọ̀ńténà náà lé, ẹ má ṣe fi kọnkéré dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fi hàn kedere pé tiyín ni, àti pé ẹ ó gbé e lọ bí àdéhùn bá parí.

Ẹ wá jókòó ṣe ìṣirò kí ẹ tó náwó. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ lò yìí, iye ọjà ọjọ́ náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ká ní kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20, owó ọkọ̀, owó kirénì, iṣẹ́ jórinjórin, wáyà iná àti ọ̀dà jẹ́ ₦3,600,000 lápapọ̀, tí ẹ sì pín in sí ìsọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦400,000 wọlé lọ́dún. ₦800,000 nìyẹn. Bí owó ilẹ̀ bá jẹ́ ₦200,000, tí ẹ sì yọ ₦100,000 sílẹ̀ fún àtúnṣe àti fún àwọn oṣù tí ìsọ̀ kan bá fi ṣófo, ₦500,000 ló kù sí yín lọ́wọ́. Yóò gbà ju ọdún méje lọ kí owó yín tó padà. Bí àdéhùn ilẹ̀ yín bá jẹ́ ọdún márùn-ún péré, ẹ ó ti kó kúrò níbẹ̀ kí owó tó pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí jórinjórin fi páànù irin kan ìsọ̀ tó tóbi bákan náà, tí gbogbo ìnáwó sì jẹ́ ₦1,800,000, kò ní tó ọdún mẹ́rin. Irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í lágbára tó kọ̀ńténà, ó sì máa ń tètè dípẹtà, síbẹ̀ òun ló yẹ ẹni tí àdéhùn rẹ̀ kúrú. Lójú tèmi, ọdún àdéhùn gbọ́dọ̀ fi ọdún méjì, ó kéré tán, ju ọdún tí owó yóò fi padà lọ.

Ẹ yẹra fún orí gọ́tà, abẹ́ wáyà iná alágbára, àti etí títì tó jẹ́ ti ìjọba, bí èrò ti wù kó pọ̀ níbẹ̀ tó. Ẹ dé ìjọba ìbílẹ̀ tó ni àdúgbò náà láti béèrè ìwé àṣẹ àti owó tí wọ́n ń gbà, nítorí pé mọ́kànlá ni ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ wo ilẹ̀ náà nígbà òjò pẹ̀lú. Ìlú tí odò Ògùnpa ya bò ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí omíyalé mìíràn tún bá jà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, kì í ṣe ibi tí a ti ń gba ilẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn láìbi àwọn aládùúgbò léèrè ibi tí omi máa ń dé.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ ra kọ̀ńténà, ẹ wọ inú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ẹ ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn méjèèjì pa láti ìta, ẹ dúró kí ojú yín mọ́ òkùnkùn, kí ẹ sì gbójú sókè. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, bó tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, òjò yóò gbabẹ̀ wọlé. Ẹ tẹ ilẹ̀ pákó rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo àwọn irin tó gbé e dúró nísàlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń fara pamọ́ sí. Wọ́n sábà máa ń fi oògùn kòkòrò sí pákó náà, nítorí náà, bí ẹni tí yóò ta oúnjẹ ni yóò gbà á, ẹ fi nǹkan mìíràn bò ó. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje ló máa ń wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ rí i pé ìkan náà ló wà lórí rìsíìtì, kí ẹ má baà ra ẹrù olẹ́rù.

Ti gbígbé rẹ̀ kò pọ̀. Kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20 tó ṣófo wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, bó bá sì wà lórí ọkọ̀, òkè rẹ̀ lè ga tó mítà mẹ́rin sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti wo wáyà tó rọ̀ sílẹ̀ àti kọ́nà tó há.

Ooru ló ń lé ayálégbé jáde jù lọ. Ẹ ní kí jórinjórin gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ fi páànù ṣe òrùlé mìíràn sókè rẹ̀, kí àyè wà láàárín wọn, kí ẹ sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti mítà iná tirẹ̀, nítorí pé ìjà owó iná kì í tán láàárín arànṣọ tó ń lo áyọ́ọ̀nù àti ẹni tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé nígbà tí ilẹ̀ yín bá ku ọdún kan.

Bí àdéhùn ilẹ̀ bá ti ku ọdún kan kó parí, ẹ padà lọ bá Mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí. Bí wọn kò bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ ó ti ní oṣù méjìlá láti wá ilẹ̀ mìíràn, láti fi tó àwọn ayálégbé létí, àti láti bá oníkirénì dá ọjọ́.