Bí a ṣe ń gbọ́ àwo tí kò dùn kí a tó kọ ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀

Ní 1989, nígbà tí ìjọba ò rí owó oṣù san, tí kálukú ní Àjàṣẹ́ ń wá ohun tó máa tà, mo mú àwo mẹ́ta nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kó bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, mo tà wọ́n ní 1,500 fàráǹ. Ọ̀kan nínú wọn ni Relayer, tí ẹgbẹ́ Yes ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1974. N kò gbọ́ ọ rí. Àwo tó ṣáájú rẹ̀, Tales from Topographic Oceans, ló ti sú mi débi pé mo ní, àwọn tó ṣe eléyìí, kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe?

Ní 2011, ọmọ àbúrò mi wá bá mi ní ìsọ̀ mi lẹ́bàá ọjà Ouando, níbi tí mo ti ń tún rédíò ṣe, ó fi Relayer sí mi létí láti orí fóònù rẹ̀. Irin gbígbóná tí mo fi ń lẹ wáyà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e kalẹ̀. Nígbà tí orin náà dé ibi ogun, tí irin ń lu irin, tó wá rọlẹ̀, tí olóhùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi ti lé sí mi lójú. Ọdún 22 ni mo fi du ara mi ní nǹkan yẹn.

Bí àwo kan ṣe ń ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ nìyẹn. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń san gbèsè. Mo ń kọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá jókòó tì mí nísọ̀, tí wọ́n máa ń sọ pé, "Bàbá, ẹ má fi ìyẹn sí i o, wọ́n ní kò dáa." Ta ni "wọ́n"?

Kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le lára àwọn onírọ́ọ̀kì progressive, ìyẹn àwọn olórin gígùn bíi Yes, ju àwọn olórin yòókù lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ Poly-Rythmo ti Kùtọnù ń gbé àwo kéékèèké jáde, orin kan lójú kìíní, òmíràn lójú kejì, bí ọ̀kan ò bá dùn, kò ní í pẹ́ tí òmíràn á fi dé, a ó sì gbàgbé. Ti Yes ò rí bẹ́ẹ̀. Àwo méjì ni Tales, ojú mẹ́rin, orin mẹ́rin péré, ó sì lé ní ọgọ́rin ìṣẹ́jú. Bí orin kan bá kọsẹ̀ níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó o san ló lọ yẹn. Àwa tá a fẹ́ràn irú orin yìí sì máa ń gbọ́ àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń gbọ́ àlọ́. Ibi tí àlọ́ bá ti já, gbogbo ilé á tú ká. Rick Wakeman tó ń tẹ dùùrù fún wọn pàápàá ò gba ti àwo náà, ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1974. Bẹ́ẹ̀, ipò kìíní ni àwo yẹn dé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó jáde!

Lẹ́yìn náà, wá irú àṣìṣe tó wà nínú àwo náà. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí. Méjì ni mo mọ̀: ti ẹni tó nawọ́ sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tó, àti ti ẹni tó fi ohun tirẹ̀ sílẹ̀ tó ń sá tẹ̀lé ọjà. Dárí ji àkọ́kọ́ kíákíá.

Wo ẹgbẹ́ Rush ti Kánádà. Ní 1975 wọ́n gbé Caress of Steel jáde, orin kan gba ojú kejì látòkè délẹ̀. Àwo náà ò tà. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde ní kí wọ́n gé orin wọn kúrú. Wọn ò gbà. Ní 1976 wọ́n mú àwo tí wọ́n ń pè ní 2112 wá, orin kan ṣoṣo tún gba gbogbo ojú kìíní, òun ló sì sọ wọ́n di olókìkí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bó o bá wá padà sí Caress of Steel lẹ́yìn 2112, wàá gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà yẹn kiri nínú òkùnkùn.

Ẹgbẹ́ Emerson, Lake and Palmer ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní ìdàkejì. Àwo Love Beach, 1978: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí bọ́tìnnì àyà sílẹ̀ létí òkun nínú fọ́tò ara àwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Orin kéékèèké tó bá rédíò mu ló kún ojú kìíní, àdéhùn tí wọ́n bá ilé iṣẹ́ àwo ṣe ni wọ́n ń mú ṣẹ. Ní 1979 wọ́n tú ká. Ó dùn mí fún wọn, torí ọwọ́ Emerson tó ń tẹ dùùrù wọn ò ní ẹlẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ Gentle Giant náà ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1978 kan náà.

Báwo lo ṣe máa dá méjèèjì mọ̀? Fetí sí ìlù àti gìtá béèsì nìkan, kó o gbàgbé olóhùn. Bí onílù bá ṣì ń dárà, tó ń já ọ lulẹ̀ tó tún ń gbé ọ dìde, ọkàn ẹgbẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, bí orin ọ̀hún tilẹ̀ gùn jù. Bó bá ń lù bí ẹni ń ka wákàtí kí iṣẹ́ lè parí, o ti mọ̀.

Nísinsìnyí, gbé àwo tó le náà síwájú. Ọyẹ́ máa ń kó eruku wọ inú ìlà àwo, abẹ́rẹ́ á máa ta páó-páó, wàá sì máa bú onílù tí kò ṣẹ̀ ọ́. Fi aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nù ún yípo, bí ìlà rẹ̀ ṣe lọ. Má nù ún dábùú. Ká ní Tales ni, má bẹ̀rẹ̀ láti ojú kìíní. Ojú kẹrin ni kó o kọ́kọ́ fi sí i. Wàá gbọ́ tí wọ́n ń fi èdè Faransé kọ Nous sommes du soleil, tí kò ṣòro fún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kankan tó lọ sílé ìwé, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sídìí ìlù. Ilé wa ló dún bí, lójú tèmi. Lọ́jọ́ kejì, gbọ́ apá ìparí ojú kẹta, níbi tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀. Ojú kan lóòjọ́ ti tó. Ẹni tí kò bá tíì mọ ẹgbẹ́ náà rí, má fi èyí kí i káàbọ̀. Close to the Edge ti 1972 ni kó o fún un.

Bí kò bá ṣì wọ̀ ọ́ lára lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, kò burú, gbé e padà sínú páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó o tó ta ohunkóhun.

Bó o bá rí Relayer kan ní ọjà Àjàrá tí wọ́n fi bírò búlúù fa ìlà méjì sí igun ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Jọ̀ọ́, gbé e wá fún mi ní Ouando. Iye tó o bá ní kí n san ni mo máa san.