Wúńdíá tó ti lóyún: bí mo ṣe sin gọ́pì aláwọ ejò ní Kàbà

₦18,000 ni mo san lórí gọ́pì mẹ́ta, ẹja kékeré tí wọ́n ń sìn sínú gíláàsì fún ẹwà, tí gbogbo wọn ò kún àtẹ́lẹwọ́, owó mọ́tò tó gbé wọn láti Èkó wá sí Kàbà ò sì sí nínú ẹ̀. Akọ kan, abo méjì. Mi ò ní purọ́ mọ́ akọ yẹn, ó tó bẹ́ẹ̀: ilà wẹ́wẹ́ lọ́ mọ́ra wọn láti orí rẹ̀ dé ìdí ìrù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní aláwọ ejò. Ọ̀rọ̀ àwọn abo ló ń bí mi nínú. Ẹni tó tà wọ́n búra pé wúńdíá ni wọ́n, pé akọ kankan ò sún mọ́ wọn rí, ó sì gba owó wúńdíá lọ́wọ́ mi, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń ta abo lásán.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ omi àti oúnjẹ dá yín dúró. Omi bọ́hóòlù ilé wa máa ń fi ẹfun sídìí kẹ́tù, irú omi bẹ́ẹ̀ ló sì bá gọ́pì lára mu. Ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ẹ̀sín o. Ìyá kan ládùúgbò wa kí mi pé "Ọ̀kun o", ó bẹjú wo inú gíláàsì, ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lèyí máa tó sè?"

Gọ́pì kì í yé ẹyin, ọmọ ààyè ló ń bí, oyún rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí oṣù kan. Nígbà tí abo àkọ́kọ́ bí, mo tan tọ́ọ̀ṣì sáàárín ewé inú omi níbi táwọn ọmọ sá pamọ́ sí, torí ìyá wọn gan-an lè gbé wọn mì. Àwọn kan rí funfun rẹ́súrẹ́sú, ẹyinjú wọn nìkan ló dúdú. Àwọn tó kù, tó tún pọ̀ jù, àwọ̀ eérú ni wọ́n, irú gọ́pì tí ẹnikẹ́ni lè fi ife bù nínú gọ́tà l'Ékòó.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti gbá mi. Bílọ́ńdì ni akọ mi, bílọ́ńdì ni abo méjèèjì, ìyẹn àwọn tí dúdú ara wọn ti dín kù. Àbùdá yìí kì í fara hàn àfi tí ọmọ bá gbà á lọ́wọ́ bàbá, tó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá. Ẹja tó bá ti jẹ́ bílọ́ńdì fúnra rẹ̀ ò ní òmíràn tó máa fún ọmọ. Bílọ́ńdì méjì tó jẹ́ irú kan náà ò lè bí eléérú. Bàbá mìíràn ti débẹ̀ ṣáájú.

Mo pe ẹni tó tà wọ́n. Ó ní omi Kàbà ló yí àwọ̀ ọmọ padà. Omi! Mo bi í pé ṣé omi Kàbà náà ló fún wọn lóyún. Ó ní kí n ní sùúrù, pé wọ́n á mọ́ tí wọ́n bá dàgbà. Látìgbà náà, kò gbé ìpè mi mọ́.

Ohun tó wá dá mi dúró jù nìyí: abo gọ́pì máa ń tọ́jú àtọ̀ sínú ara fún ọ̀pọ̀ oṣù. Akọ tó bá a lò lè ti kú, kó ṣì máa bí ọmọ rẹ̀ lọ. Akọ olówó gọbọi mi wà nínú omi, ó ń na ìrù, ó ń sá tẹ̀lé wọn kiri, àwọn ìyàwó sì ń bí ọmọ ẹlòmíràn. Ìbí tó tẹ̀lé e, àdàlù. Èyí tó tún tẹ̀lé e, àdàlù. Èmi ni mò ń bọ́ gbogbo wọn.

Mo fẹ́ ẹ̀rí kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní lè fi omi bò. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí kírómósómù Y, ìyẹn okùn àbùdá tó ń sọ ọmọ di akọ, ni àbùdá awọ ejò máa ń wà, Y yìí sì ni bàbá ń fún gbogbo ọmọkùnrin tó bá bí. Bí oríkì agbo ilé ló rí, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti ń wá. Johannes Schmidt, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Dẹ́ńmákì, ti kọ irú àjogúnbá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára gọ́pì ní 1920, Øjvind Winge, onímọ̀ bíi tirẹ̀, sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé orí Y ní 1922. Torí náà, ọmọkùnrin tó bá jẹ́ ti akọ mi gbọ́dọ̀ gbé ilà. Èyí tí kò bá gbé e, ẹ mọ orúkọ tí à ń pè é. Ṣùgbọ́n àwọ̀ akọ kì í tètè yọ, ọyẹ́ sì ti dé, omi tutù, ìdàgbàsókè wọn falẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ wọn, tí mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tí àwọ̀ wá yọ, kò sí eléérú kan ṣoṣo tó ní ilà. Bílọ́ńdì díẹ̀ ló ní in.

Àwọn abo eléérú tí mò ń bínú sí ló wá gbà mí. Eléérú ò lè jẹ́ ọmọ akọ mi láéláé, torí náà mo lè fi wọ́n fún un láìfi ọmọ fún bàbá. Wọ́n sì tún gbé àbùdá bílọ́ńdì kan pamọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìbí tuntun kọ̀ọ̀kan, mo ń ya akọ kúrò lára abo kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo máa bu ọ̀kan sínú ife gíláàsì, màá gbé e sójú oòrùn: lẹbẹ abẹ́ ikùn akọ á ti máa gùn, á tín-ín-rín, ti abo á fẹ̀, àmì dúdú á sì hàn lókè rẹ̀. Èyí tí ojú mi ò bá dá, ọ̀dọ̀ àwọn akọ ló ń lọ.

Nígbà tí àwọn wúńdíá tòótọ́ wọ̀nyí dàgbà, tí mo kó wọn fún aláwọ ejò, ẹ wá wo nǹkan! Gbogbo ọmọkùnrin ló gbé ilà, láìku ẹyọ kan. Bílọ́ńdì tó nǹkan bí ìdajì, eléérú gba ìyókù. Kí n sọ òótọ́, eléérú aláwọ ejò wù mí ju bàbá rẹ̀ lọ, torí dúdú ara rẹ̀ ń jẹ́ kí ilà náà hàn kedere.

Tó bá jẹ́ tèmi, orí akọ ni kí ẹ náwó lé. Abo kì í fi ohun tó gbé hàn lójú, àtọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ò sì ṣeé rí, torí náà ẹ ra ọmọ wẹ́wẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín yà á. Tó bá jẹ́ àgbà abo lẹ rà, ẹ máa retí àdàlù fún bí oṣù mẹ́fà, ohun yòówù kí òǹtàjà fi búra.

Ìrù ló kù báyìí. Ìrù bàbá fẹ̀, ti àwọn ọmọ kúrú, àbùdá ará gọ́tà yẹn ni mo fura sí. Mo ti ya abo kan tí ìrù tirẹ̀ gùn díẹ̀ sọ́tọ̀, owó mi kankan ò sì ní tìtorí ẹja lọ sí Èkó mọ́.