Kámẹ́rà ti wà lára ògiri, iṣẹ́ kò tíì parí: àwọn àṣìṣe tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Aago méjì òru ni àwọn olè já ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn. Ọlọ́dẹ àdúgbò gbọ́ ìró irin, ó fọn fèrè, ó sì wo aago lára fóònù rẹ̀: méjì kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkàn màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù balẹ̀ díẹ̀, nítorí kámẹ́rà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀, wọ́n wá aago méjì òru ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n rí ni àwọn oníbàárà tó ń ra búrẹ́dì àti mílíìkì, iná tàn rekete, ọmọ ọjà ń ka ṣéńjì. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti dàrú. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kì í ṣe ojú lásán. Ọjọ́ keje ni wọ́n tó pè mí.

Ẹ̀rọ náà kò dàrú rárá. Aago Beijing ló wà lára rẹ̀, bí ó ṣe ti Ṣáínà wá, ẹni tó so ó kò sì fọwọ́ kàn án. Aago Beijing fi wákàtí méje ṣáájú tiwa. Nígbà tí àwọn olè wọlé ní aago méjì òru, mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Aago méjì òru tí màmá ń wò, méje alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni, nígbà tí ọjà ṣì ń lọ. Mo sáré lọ sí aago mẹ́sàn-án. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Hard disk 1TB, ibi tí àwòrán ń wọ̀ sí, ló wà nínú ẹ̀rọ, kámẹ́rà mẹ́rin ń kọ sí i tọ̀sán-tòru, ó ti kún, ó sì ti ń pa àwòrán àtijọ́ rẹ́ kó lè gba tuntun. Ojú àwọn olè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, ó sì ti lọ kí n tó dé.

Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe, mo sì ti rí i pé ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń lu ògiri. Ìgbà tí àwòrán bá ti hàn lórí fóònù, tí oníṣẹ́ gba owó rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ní ó ti parí, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ má fi aago sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a

Ẹ wọ inú ètò ẹ̀rọ, ẹ yí aago sí GMT+01:00, ìyẹn aago Nàìjíríà, kí ẹ sì tan NTP, èyí tó máa ń lọ bèèrè aago tòótọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí wọ́n kọ DST sí, ìyẹn yíyí aago síwájú nígbà ooru bí wọ́n ti ń ṣe lókè òkun, ẹ pa á, àwa kì í yí aago padà ní Nàìjíríà. Bí ẹ̀rọ yín kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NTP kò lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ ní láti máa fi ọwọ́ tún un ṣe. Bátìrì kékeré kan tó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ wà nínú ẹ̀rọ tó ń bá a ṣọ́ aago nígbà tí iná bá lọ. Bí ó bá kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó dé ni aago máa ń padà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ pẹ̀lú. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí wa, Evidence Act ti 2011, béèrè pé kí ẹni tó mú àwòrán láti inú ẹ̀rọ wá fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní àkókò tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Bí aago orí àwòrán bá fi wákàtí méje yàtọ̀ sí ti ọlọ́pàá, ẹ ti fún agbẹjọ́rò olè ní ohun tó máa sọ.

Ti hard disk náà nìyí, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kámẹ́rà kan tó ń kọ 4 Mbps (bí àwòrán ṣe ń wọlé tó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan nìyẹn) máa ń jẹ 1.8GB ní wákàtí kan, ìyẹn bíi 43GB lójúmọ́. Kámẹ́rà mẹ́rin, 173GB. 1TB, ìyẹn 1,000GB, kò lè tó ọjọ́ mẹ́fà. 4TB á gbé yín dé bí ọjọ́ 23. Bí ẹ bá yan H.265 dípò H.264, ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ fi ń fún àwòrán pọ̀, àyè tí àwòrán ń gbà lè dín kù tó ìdajì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi hard disk tòkúnbọ̀ tí wọ́n yọ lára láptọ́ọ̀pù sí i, nítorí a kò ṣe é fún kíkọ láìsinmi. Bí ó bá jẹ́ tuntun náà, ẹ rí i dájú pé wọ́n format rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún un tò kó lè gba àwòrán. Mo ti dé ilé tí kámẹ́rà ti ń wò fún oṣù mẹ́ta, tí kò sí fídíò kan ṣoṣo nínú disk nítorí ìgbésẹ̀ kékeré yìí.

Àkáǹtì ta ni kámẹ́rà yín wà lórí rẹ̀?

Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń gbé ní Manchester ra kámẹ́rà fún ilé tí ìyá rẹ̀ ń gbé ní Akóbọ̀. Ọwọ́ oníṣẹ́ tó so ó mọ́: wáyà wà nínú páìpù, kò sí ihò kan tí kò dí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣẹ́ náà fẹ́ kí kámẹ́rà hàn lórí fóònù, fóònù tirẹ̀ ló mú jáde, email tirẹ̀ ló fi forúkọ sílẹ̀, ó wá pín in fún ìyá àti ọmọ láti máa wò. Oṣù mẹ́jọ kọjá láìsí wàhálà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ owó dá ìjà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan màmá ṣí fóònù wọn, kámẹ́rà kò sí níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, àwọn iná pupa kéékèèké tó yí ojú kámẹ́rà ká ń tàn bí ti tẹ́lẹ̀, lókè ilẹ̀kùn yàrá ìdáná.

Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ó ṣì ń rí mi?"

Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́mì. Ẹni tó ni àkáǹtì ṣì ń rí yín. Mo yọ wáyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé àkáǹtì àkọ́kọ́ tó bá gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ kámẹ́rà wọlé ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é mọ̀ ní onílé. Bí ẹ tilẹ̀ tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ètò àti páswọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló ń parẹ́. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, orúkọ onílé ṣì wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́. Àfi kí ẹni yẹn fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì àti fọ́tò nọ́ńbà tó wà ní ìdí kámẹ́rà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni owó ni kí ẹ ṣí àkáǹtì náà, pẹ̀lú email tí ẹ̀yin nìkan ní páswọ́ọ̀dù rẹ̀, lórí fóònù tiyín. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi fóònù ka QR, àmì dúdú-funfun onígun mẹ́rin tó wà lára kámẹ́rà. Bí oníṣẹ́ bá nílò láti wọlé, ẹ pín in fún un, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tó bá parí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ fara balẹ̀ ṣe èyí kí kámẹ́rà tó kan ògiri, nítorí ẹ kò ní sí nílé láti rí fóònù ẹni tó ń so ó. Ẹ sì bẹ àwọn oníṣẹ́ wa kí wọ́n má gbé fọ́tò iṣẹ́ sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp tí QR náà ń hàn kedere. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, kóòdù tí wọ́n fi ń wọlé wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Páswọ́ọ̀dù kan fún ogójì ilé

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá, 2016, Twitter, Netflix àti Spotify di àwátì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ohun tó ṣe é ni Mirai, ètò kan tó ń wọ inú kámẹ́rà, DVR (ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀) àti ráútà káàkiri ayé. Kò fọ́ ohunkóhun. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tó ti ilé iṣẹ́ wá, tó lé ní 60, ló tò jọ, irú "admin" àti "admin", ó ń fi wọ́n kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣí, ó di ọmọ ogun rẹ̀. Wọ́n kó gbogbo wọn lu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà fún àwọn ìkànnì ńlá wọ̀nyẹn. Àwọn tó ni kámẹ́rà náà wà nílé wọn, wọn kò mọ nǹkan kan.

Ìlú Ọba ti ṣe òfin sí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, 2024, kò tọ́ mọ́ láti ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tuntun kì í sì ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi yan tiyín. Ṣùgbọ́n DVR tòkúnbọ̀ ṣì pọ̀ lọ́jà wa, àṣà míràn sì ti gba ipò ti àtijọ́: oníṣẹ́ á fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀, tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú 123, ṣe páswọ́ọ̀dù gbogbo ilé tó bá ti ṣiṣẹ́, kó má bàa gbàgbé. Ọmọ iṣẹ́ kan tó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ti gbé kọ́kọ́rọ́ ogójì ilé lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ yí páswọ́ọ̀dù padà lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá parí tó lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Kò sí ohun tó burú nínú kíkọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó burú ni kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ráútà fún gbogbo ayé

Bí ẹ bá fẹ́ máa wo ọ́fíìsì láti ilé, àwọn kan á ní kí ẹ ṣe "port forwarding", ìyẹn ni pé kí ẹ ṣí ojú ọ̀nà kan nínú ráútà tó lọ tààrà sí kámẹ́rà. Lórí MiFi àti ráútà 4G tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ó máa ń jẹ́ asán, nítorí àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ẹ̀rọ) tí ẹ rí kì í ṣe tiyín nìkan. Ilé iṣẹ́ fóònù fi kó oníbàárà púpọ̀ pọ̀. Ọ́fíìsì tó ní wáyà fáíbà àti àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ ni ewu wà fún. Ẹ lè ní ta ló máa wá wá ọ́fíìsì wa. Kò sẹ́ni tó ń wá yín. Láti 2013 tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan ti gbé ZMap jáde, ètò tó ń wá ẹ̀rọ kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára lè kan gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì IPv4, irú tó wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lágbàáyé láàárín wákàtí kan. Ìkànnì kan tó ń jẹ́ Shodan sì wà tó ń to ohun tó bá ṣí sílẹ̀ jọ bí ẹni to ọjà sórí igbá.

Ẹ lo ápù ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù tó le, kí ẹ sì jẹ́ kó máa béèrè kóòdù lẹ́ẹ̀kejì, tàbí kí ẹ ní kí oníṣẹ́ ṣe VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, sínú ráútà. Ẹ pa ètò tí wọ́n ń pè ní UPnP lára ráútà àti lára ẹ̀rọ, nítorí ó lè ṣí ojú ọ̀nà láìbèèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ sì máa gba firmware tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí kámẹ́rà, láti ìkànnì ilé iṣẹ́ náà gan-an.

Àwọn yòókù

Kámẹ́rà irú kan náà sábà máa ń ní àdírẹ́ẹ̀sì kan náà láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá so mẹ́rin papọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa jà. Ẹ so ọ̀kan, ẹ yí tirẹ̀ padà, kí ẹ tó mú èkejì. Bí Wi-Fi bá kọ̀, ẹ wò ó bóyá 5GHz, ọ̀kan nínú ìgbì méjì tí Wi-Fi ń lò, ni fóònù yín wà. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò gbọ́ ju 2.4GHz lọ.

Ọjà kún fún wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ní bàbà ni, tó jẹ́ pé alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ẹ fi abẹ họ òwú inú rẹ̀ kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Kì í gbé iná dé ọ̀nà jíjìn, kámẹ́rà á máa kú lóru nígbà tí iná pupa rẹ̀ bá fẹ́ tàn. Bàbà gidi náà kò gbọdọ̀ kọjá mítà 100.

Ẹ má fi kámẹ́rà sórí ìnfátà kí ẹ fi ráútà sílẹ̀ sórí iná NEPA. Ẹ má gbé kámẹ́rà sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, lóru, iná rẹ̀ á ta padà sí i lójú. Ẹ sì má retí kí kámẹ́rà kan wo gbogbo ọgbà kó tún mọ ojú olè. Ìlànà Yúróòpù fún kámẹ́rà ààbò, EN 62676-4 ti 2015, ní kí píksẹ́lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 250 wà nínú mítà kan kí ẹ tó lè dá ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí mọ̀. Kámẹ́rà 1080p ní píksẹ́lì 1920 níbùú, ìyẹn kò tó mítà mẹ́jọ. Ọ̀kan yẹ kó wà fún géètì nìkan, ní ìwọ̀n gíga tí fìlà kò ti ní bo ojú.

Màmá oníṣọ́ọ̀bù ti ra hard disk 4TB. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà, wọ́n á gbé fóònù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fi aago méjèèjì wé ara wọn, wọ́n á wá lọ sí aago méjì òru àná lórí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.