Awakọ̀ ni àbí ọkọ̀? Bí ẹ ṣe lè fi kàyé kan díwọ̀n awakọ̀ Formula 1 tí àga rẹ̀ ń mì

"Tàǹtí, Hamilton ti tán." "Irọ́ ni, Ferrari ni kò fún un ní mọ́tò." Ariwo tí àwọn ọmọ zémidjan, àwọn ọlọ́kadà, máa ń pa lórí Lewis Hamilton, awakọ̀ Formula 1 fún ẹgbẹ́ Ferrari, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Wàǹdó, níbí ní Àjàṣẹ́, nìyẹn, bí wọ́n bá wá ra ṣéènì tàbí búrékì lọ́jọ́ Ajé. Píẹ́sì ọ̀kadà ni mo ń tà. N kì í dá sí i títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ tán, lẹ́yìn náà ni mo máa ń fa kàyé mi yọ lábẹ́ tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń kọ irú kàyé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ yín. Ẹni tó bá ń fi ipò tí awakọ̀ wọlé sí lọ́jọ́ Àìkú nìkan ṣe ìdájọ́ kò tíì rí nǹkan kan. Awakọ̀ lè gba ipò karùn-ún kó jẹ́ ìtìjú, ó sì lè gba ìkẹtàlá kó jẹ́ pé iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Ẹ ra kàyé olójú-ewé 100, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Awakọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ méjì. Ọwọ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú wọn. Ẹnìkejì yẹn nìkan ló lè fi ohun tí ọkọ̀ náà lè ṣe hàn wá. Bí ẹ bá mú awakọ̀ ẹgbẹ́ Williams tí ẹ ń fi wé Max Verstappen ti ẹgbẹ́ Red Bull, ariwo lẹ ń pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni iṣẹ́ wà. Bí ó bá jẹ́ Yúróòpù ni wọ́n wà, aago mẹ́ta ọ̀sán tiwa ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje ipò ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n pín sí mẹ́ta: Q1, Q2, Q3. Àwọn tó lọ́ra jù ń jábọ́ ní Q1 àti Q2, àwọn tó kù ló ń dé Q3. Ẹ kọ ìyípo tó yá jù fún àwọn méjèèjì ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wọ́n wéra ní ìpele tó kẹ́yìn tí wọ́n jọ wọ̀. Bí ọ̀kan bá jábọ́ ní Q1 tí èkejì dé Q3, àkókò Q1 àwọn méjèèjì lẹ máa lò. Ìdí ni pé bí ọkọ̀ ti ń sáré, rọ́bà táyà ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ sì ń di táyà mú sí i, ẹni tó bá sáré kẹ́yìn ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá lásán, ẹ sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Pápá Spa ní Bẹ́ljíọ̀m gùn ní kìlómítà 7.004, ti Monaco kò ju 3.337 lọ. Bí awakọ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá 0.3 gbẹ́yìn ní Monaco, níbi tí ìyípo kan ti ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 70, ìdá 0.43 nìyẹn. 0.3 kan náà ní Spa, níbi tí ìyípo ti ń gbà tó 105, kò ju 0.29 lọ. Fóònù yín á bá yín pín in.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fa igi lé: ọjọ́ òjò, ọjọ́ tí àsíá pupa, tí wọ́n fi ń dá eré dúró, gé ìyípo ẹnì kan kúrú, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ gbé ìyẹ́ iwájú tuntun fún ọ̀kan tí kò tíì kan èkejì. Ẹ má pa á rẹ́ o; ẹ fa igi lé e, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibí ni ojúsàájú ti ń wọlé. Ẹni tó fẹ́ràn awakọ̀ kan á rí àwáwí fún gbogbo ọjọ́ tí kò dáa, á sì gbàgbé òjò ọjọ́ tí ẹni tirẹ̀ borí. Tí ẹ bá ti ní ọjọ́ 11 tó mọ́, ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín. Ẹ má rò wọ́n pọ̀ kí ẹ tún wá pín in, nítorí ọjọ́ burúkú kan ṣoṣo lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Òṣùwọ̀n tèmi rèé: bí kò bá tó 0.2, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, láti 0.2 dé 0.4, igbákejì ni, ẹgbẹ́ lè fara dà á. Bó bá ju 0.5 lọ fún ìdajì ọdún, kó yáa máa wá iṣẹ́ kiri.

Lọ́jọ́ Àìkú, nǹkan díẹ̀ lẹ máa kọ. Àwọ̀ táyà tí oníkálukú lò: pupa ni èyí tó rọ̀, yẹ́lò ni ti àárín, funfun ni èyí tó le. Àti bó ṣe yára nígbà tí kò sí ọkọ̀ níwájú rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú nínú àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ pè wọlé wá pààrọ̀ táyà, nítorí náà ẹni ẹ̀yìn lè pàdánù láìjẹ̀bi. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, pọ́ìǹtì tí awakọ̀ ń gbà fún ipò tó wọlé sí. Oníṣòwò ni mí, ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹnìkejì rẹ bá mú 100 wálé, èló nìwọ mú wá? Ní 2022, Ricciardo kó 37 ní McLaren, Norris kó 122: 30 nínú 100. Ní 2024, ní Red Bull, Sergio Pérez kó 152, Verstappen kó 437: 35. Ní 2025, ní Ferrari, Hamilton kó 156, Charles Leclerc kó 242: 64.

Ojú ewé tí mo fẹ́ràn jù ni ojú ewé àga. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ti jókòó sórí àga yẹn ṣáájú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ṣe sí ẹnìkejì kan náà. Ẹ wo àga kejì Red Bull, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Verstappen. Wọ́n gbé Pierre Gasly síbẹ̀ ní 2019. Ìdíje 12 péré, wọ́n dá a padà sí Toro Rosso, ẹgbẹ́ kékeré tí Red Bull ní, ní oṣù kẹjọ. Alex Albon rọ́pò rẹ̀, òun náà pàdánù àga nígbà tí 2020 parí. Pérez gbà á, ó tiẹ̀ ṣe ipò kejì lágbàáyé ní 2023, ọdún tó tẹ̀ lé e ló wó. Liam Lawson bẹ̀rẹ̀ 2025 níbẹ̀: ìkejìdínlógún ní Melbourne lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìkẹyìn pátápátá ní Ṣáínà. Ìdíje méjì, ó tán. Wọ́n gbé Yuki Tsunoda wá, òun náà kò rí àga fún 2026.

Mo máa ń fi ọ̀kadà háyà fún àwọn ọmọ. Bí ọmọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá gun ọ̀kadà kan náà tí owó wọn kò pé, ọ̀kadà yẹn ni mo máa ń tú wò. Ọkọ̀ Red Bull ọdún wọ̀nyẹn, imú rẹ̀ yára wọ kọ́nà, ìdí rẹ̀ sì máa ń fẹ́ yọ̀. Verstappen fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Gbogbo pípààrọ̀ awakọ̀ yẹn, wọ́n ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Gasly ni ẹ̀rí mi: oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá a padà, ó ṣe ipò kejì ní Bràsíl, ní 2020, ó borí ní Monza. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ojú ewé yìí á gba awakọ̀ là. Ẹgbẹ́ kì í lé ọkọ̀.

Ó ku Hamilton. Ní Húńgárì lọ́dún 2025, Leclerc gba ipò kìíní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Hamilton gba ìkejìlá, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò wúlò, pé bóyá kí Ferrari pààrọ̀ awakọ̀. Ẹ má kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú kàyé. Ìbànújẹ́ ló sọ ọ́. Ẹ ṣí ojú ewé àga. Carlos Sainz ló wà níbẹ̀ ní 2024, ó kó 290 sí 356 Leclerc, ìyẹn 81 nínú 100, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ abẹ kò jẹ́ kó wa ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ọdún náà. Àga Ferrari kò gbóná bíi ti Red Bull. Lójú tèmi, ẹ̀bi Hamilton ju ti Pérez lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 64 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì 35. Àwọn ọmọ zémidjan kò fẹ́ gbọ́ èyí sétí rárá.

Bóyá wọ́n máa lé e, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ má gbọ́kàn lé ìwé àdéhùn. Oṣù kẹfà 2024 ni Pérez gba àfikún àdéhùn dé 2026. Oṣù kejìlá ọdún náà, ó ti lọ. Ìwé Ricciardo dé òpin 2023, oṣù kẹjọ 2022 ni McLaren kéde pé ọdún yẹn náà ló máa parí. Ẹ wo owó. Ipò ẹgbẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń fi pín owó fún un. Ní 2024, Red Bull kó pọ́ìǹtì 589, McLaren kó 666, ìyàtọ̀ 77. Ká ní Pérez mú 53 wá nínú 100 Verstappen dípò 35, Red Bull ì bá lékè, ká má tíì ka èyí tí ì bá gbà lọ́wọ́ McLaren fúnra rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ láti Mẹ́síkò, orílẹ̀-èdè Pérez, lè ra oṣù díẹ̀ fún ènìyàn, kò lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀.

Àmì tó dá mi lójú jù ni ẹni tó ń dúró lẹ́yìn. Kí Jack Doohan tó bẹ̀rẹ̀ 2025 ní ẹgbẹ́ Alpine, wọ́n ti gba Franco Colapinto, tó ti wa ìdíje fún Williams, wá jókòó sẹ́yìn. Ìdíje mẹ́fà, Colapinto wọ ọkọ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ fi bíró pupa kọ ọ́ sí èèpo kàyé, kí ẹ sì máa ṣọ́ oṣù kẹjọ, nígbà tí wọ́n bá lọ sinmi.

Fún 2026, ẹ ra kàyé tuntun. Òfin ọkọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì ti yí padà, nọ́ńbà àárín ti tẹ́lẹ̀ kò wúlò mọ́. Ẹgbẹ́ ti di 11, ọkọ̀ 22, nítorí náà mẹ́fà ló ń jábọ́ ní Q1, mẹ́fà ní Q2. Pérez ti padà, ní Cadillac, pẹ̀lú Valtteri Bottas. Ẹgbẹ́ tuntun ni, ojú ewé àga rẹ̀ á ṣófo. Bottas nìkan lẹ ní láti fi díwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ Àbámẹ́ta 11 tó mọ́ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.